Àwọn Tó Ń Fi Iyàn Kàwé ní Chicago

Ooru ló pàdé mi ní Chicago. Mo fẹ́ fi èyí ṣáájú, nítorí kò sí ẹnì kan ní Iléṣà tó gbọ́ pé mò ń lọ tí kò fi òtútù dẹ́rù bà mí. Súwẹ́tà mẹ́rin ni mo kó dání, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méje àti fìlà onírun kan tí ìyá ìjọ wa yá mi. Ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹfà ni mo débẹ̀. Kí n tó rìn láti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú dé ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí, òógùn ti rin ọrùn ẹ̀wù mi gbindin.

Ọmọ mi Bọ́láńlé wo súwẹ́tà tó wà lọ́rùn mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀ kí mi lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, láàrin àwọn tó ń ti ẹrù kọjá. Òyìnbó kan dúró. Ó bi í bóyá nǹkan rẹ̀ kan ló já bọ́. Kí a tó ṣàlàyé, ọkùnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá a wá a. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi ojú kan ọmọ mi, bí mo sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún báyìí, àjèjì kan wà ní ẹsẹ̀ wa tó ń wá ohun tí kò sọnù. Ẹkún náà di ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fúnni lóògùn ní ọsibítù. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn oògùn olómi sínú ìgò láì fi ẹ̀kán kan lé e, láì fi ẹ̀kán kan dín in, nítorí náà ojú mi kì í fo nǹkan. Ó rù díẹ̀. Awọ ara rẹ̀ dán. Èékánná rẹ̀ mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ dé ìdajì.

Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn Júù ni ọmọ mi kọ́: èdè wọn, òfin wọn, àwọn ìwé wọn àtijọ́, ìtàn wọn títí di òní. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti bi mí títí ó fi sú mi pé ṣé ó ti di Júù ni. Kò di Júù. Áńgílíkà tí ẹ mọ̀ náà ni. Ó kọ́ èdè Hébérù díẹ̀ ní yunifásítì nílé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó lé e lọ sí Chicago, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì ríṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo lò lọ́hùn-ún, ó wà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun nínú ẹ̀kọ́ yìí. Méjìlá ni wọ́n. Àwọn àgbà ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, bí a ṣe ń gé ìwé oyè gbọọrọ di àpilẹ̀kọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa gbà tẹ̀ jáde, bí a ṣe ń la iṣẹ́ ọdún kan sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, àti bí a ṣe ń dúró níwájú àwọn tó fẹ́ gbani síṣẹ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, olúkúlùkù wọn yóò sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀, àwọn àgbà yóò sì da ìbéèrè bò ó. Obìnrin kan tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa wá gbọ́ wọn, nítorí ó ń wá olùkọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá mú Bọ́láńlé, Bọ́láńlé yóò dúró. Bí kò bá mú un, ìwé tó fi ń gbé ìlú náà máa parí ní ìparí oṣù kẹjọ, yóò sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí mi ò mọ ibi tó máa gbé e kà nílé.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tó ṣàlàyé èyí fún mi nínú mọ́tò, apá kan ọkàn mi ń gbàdúrà kí obìnrin náà mú ẹlòmíràn.

NÍLÉ SÀFÚRÁTÙ

Yàrá Bọ́láńlé kò gba ẹni méjì, nítorí náà Homewood, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Chicago, ni mo sùn sí, lọ́dọ̀ Sàfúrátù. Àdúgbò kan náà ni a jọ gbé ní Iléṣà kí ó tó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lóòótọ́ mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú òun ló jí mi pé kí n má pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé rẹ̀ ní koríko níwájú tó tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ẹ̀fọ́ tó fi sebẹ̀ fún mi jẹ́ ẹ̀fọ́ tó ti dì gbagidi bí bíríkì, inú páálí ló ti yọ ọ́. Mo ṣíjú wò ó títí ó fi yọ́. Nígbà tó fi irú àti ata tí mo gbé wá sí i, mo tọrọ àfikún.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń sọ Yorùbá bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ó tẹ orúnkún kan díẹ̀, ó sì kí mi pé ẹ káàárọ̀. Mo dáhùn. Ó gbìyànjú.

Aládùúgbò wọn lódìkejì ọ̀nà, ọmọbìnrin òyìnbó kan tí kò lè ju ọdún méjìlélógún lọ, gbé àkàrà òyìnbó wá kí mi káàbọ̀. Ó bi mí lórúkọ. Mo ní Ìyá Bọ́láńlé. Ó ní rárá, orúkọ tèmi gan-an. Mo sọ ọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti yọjú síta, ó ti ń juwọ́ sí mi láti ibi tó ti ń gé koríko: “Comfort! Ṣé dáadáa ni, Comfort?” Ìyá tó bí mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kìíní mo ro pé àfojúdi ni. Lọ́jọ́ kẹrin mo ti ń jáde síta ní àkókò tó máa ń gé koríko.

YÀRÁ TÓ Ń HÓ

Ní ọjọ́rú, Bọ́láńlé mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìlú. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, torí mo mọ bí ibi ìkàwé ṣe ń rí. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ ariwo. Nínú yàrá náà, wọ́n jókòó ní méjì-méjì, ìwé kan láàrin ẹni méjì, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn. Ọkùnrin kan fi ọwọ́ gbá tábìlì. Obìnrin kan fa ìwé gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Mo di báàgì mi mú. Bọ́láńlé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí àwọn Júù ṣe ń ka ìwé òfin wọn láti ayébáyé nìyẹn: ẹnì kan kì í dá a kà, ẹni méjì ló máa ń kà á, iṣẹ́ ẹnì kan sì ni kí ó wá ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ti jò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ àwọn méjì tó ń jà jù lọ dìde, wọ́n sì lọ ra kọfí fún ara wọn.

Ẹnì kejì Bọ́láńlé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dáfídì, tó wọ gíláàsì ojú, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń sọ, ó ń tẹnu mọ́ ọn. Ọmọ mi ń mi orí, ó ń sọ wẹ́rẹ́ pé bóyá òótọ́ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà tó ń darí wọn rìn wá, ó dúró lẹ́yìn wọn. Ó ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun kan àyà. Nínú ọkàn mi mo ti sọ ọ́ ní Bàbá Onírùngbọ̀n. Ó bi Bọ́láńlé bóyá ó gba ohun tí Dáfídì sọ. Bọ́láńlé dìde dúró, ó wolẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó sì kọjá.

Èmi ní tèmi, orí mi wú. Nínú ẹni méjìlá, ọmọ tèmi nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé.

Nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán ló mú ìwé kan jáde fún mi. Àwọn àgbà máa ń kọ èrò wọn fún olúkúlùkù ní ìdajì ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Gbólóhùn méjì péré ló wà lórí tirẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní ní Bọ́láńlé mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Èkejì ní kì í gbèjà rẹ̀.

Mo bi í bóyá wọ́n fẹ́ kí ó máa rí àgbàlagbà fín ni. Ó ní òun mọ èsì gbogbo ohun tí Dáfídì ń sọ. Ó ní ó máa ń dé orí ahọ́n òun, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti wà ńtòsí, ṣe ló máa ń padà. Kò fi ẹ̀sùn kàn mí. Èmi ni mo fi kan ara mi.

Sàfúrátù kò fi epo bọ iyọ̀ nígbà tí mo ròyìn fún un nírọ̀lẹ́. “Màmá, níbí, tí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Ní ward wa, tí dókítà bá kọ oògùn tó pọ̀ jù, èmi ni mo máa sọ fún un pé, Doctor, no. Tí mo bá ń kúnlẹ̀ kí i, aláìsàn á ti kú.”

Mo ní èmi náà ti dá ìwé oògùn padà fún dókítà rí.

Ó ní, “Ẹ ṣeun. Báwo lẹ ṣe sọ ọ́?”

Mo ní mo kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

INÁ TÍ MO PA

Bàbá Onírùngbọ̀n àti ìyàwó rẹ̀, Rúùtù, pè wá wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wọn. Bọ́láńlé kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ohun mẹ́jọ ló kà fún mi: kí n má gbé oúnjẹ dání, kí n má ya fọ́tò, kí n má kọ nǹkankan sílẹ̀ níwájú wọn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí. Kò ka ìkẹsàn-án, nítorí kò ronú pé àlejò á wọ ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi. Rúùtù tó jù mí lọ ń dá gbé àwo. Ṣé kí n wá jókòó sórí àga? Mo tẹ̀lé e wọ ibẹ̀. Nígbà tó gbé búrẹ́dì jáde, mo rí páànù pẹlẹbẹ kan lórí sítóòfù, ìkòkò ńlá lórí rẹ̀, iná gáàsì búlúù tín-tìn-tín nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo pa á. Mo tẹ bọ́tìnnì náà wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè dá mi lójú. Mo padà sí pálọ̀ pẹ̀lú ayọ̀, mo ní, “Mà, ẹ gbàgbé iná o. Mo ti bá yín pa á.”

 Àwa méje ló wà níbẹ̀, Dáfídì pẹ̀lú. Bọ́láńlé fi ọwọ́ bo ojú. Ó sọ fún mi ní Yorùbá pé láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti tan iná náà sílẹ̀ kí oúnjẹ lè gbóná. Pé kò sí ẹni tó lè tan án nínú ilé yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn kò sì gbọdọ̀ bẹ ẹlòmíràn kí ó bá wọn tan án. Mo fò dìde pé kí n lọ tan án. Ẹni márùn-ún ló jọ sọ pé rárá. Rúùtù di ọwọ́ mi mú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, ó sì ní láti jókòó.

Bàbá Onírùngbọ̀n kò bínú rárá. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Ó na ìka sókè, ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní àlejò tí kì í ṣe Júù pa iná, kò sẹ́ni tó rán an. Ó dára. Bí àlejò náà bá wá fẹ́ mu tíì gbígbóná, tó tan iná fún tíì ti ara rẹ̀, tí ìkòkò wa sì wà lórí iná náà, ṣé a lè jẹ ẹ́ ní gbígbóná? Ó ní lójú tòun, ó ṣeé ṣe. Dáfídì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó yé mi. Mo dìde. Mo ní tíì ń wù mí gan-an.

“Rárá, sà,” ni Bọ́láńlé wí.

Gbogbo wa yíjú sí i. Ó ń wo àwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jáde ketekete. “Màmá mi ti jókòó síbí, wọ́n ti gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Tíì kọ́ ló ń wù wọ́n. Wọn kì í mu tíì lọ́sàn-án. Nítorí ọbẹ̀ yín ni wọ́n ṣe dìde. Ẹ ti rán wọn níṣẹ́ láì pè wọ́n.”

Bàbá náà mú àpẹẹrẹ kan jáde láti inú ìwé òfin. Bọ́láńlé ní ìyẹn kò jọ èyí, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Bàbá náà mú òmíràn jáde. Bọ́láńlé ní ọ̀rọ̀ kù níwájú níbẹ̀, ó sì ka èyí tó kù láti orí.  Ilé onílé, oúnjẹ tí mo bà jẹ́, àgbàlagbà tó ju bàbá tó bí i lọ. Mo sọ fún un ní Yorùbá pé, “Bọ́láńlé, kúnlẹ̀ kí o bẹ bàbá.”

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.”

Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Bàbá Onírùngbọ̀n bi í léèrè ohun tí mo sọ. Ó tú u fún un láì yọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá náà wá yíjú sí mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí n lè gbọ́ gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáadáa: “Màmá, bí ó bá kúnlẹ̀, ta ni yóò sọ fún mi pé mo ṣìnà?”

Mo padà jókòó. A jẹ oúnjẹ náà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀wà ni, wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ẹran, ọ̀dùnkún àti ọkà bálì láti àná, ó ti jinná débi pé kò nílò eyín. Mo jẹ àwo méjì, mo sì gba bí wọ́n ṣe ń sè é lẹ́nu Rúùtù, mo há ìwọ̀n rẹ̀ sórí nítorí kíkọ sílẹ̀ wà nínú ohun mẹ́jọ yẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ wọ́n kọrin, wọ́n ń fi ọwọ́ lu tábìlì, bàbá náà sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ Iléṣà kan ti mú kí òun jẹ oúnjẹ tútù nínú ilé ara òun.

ỌJỌ́ TÓ KẸ́YÌN

Bọ́láńlé bẹ̀ mí pé kí n má wá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ó ní bí mo bá wà níbẹ̀, ẹnu òun lè tún wúwo. Ó dùn mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà mo sọ fún un pé ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa jókòó sí, mi ò sì ní wúkọ́. Ó gbà.

Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àwọn lẹ́tà tí àwọn oníṣòwò Júù ayé àtijọ́ kọ sílé láti ìdálẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó sì dára. Olórí ẹ̀ka tí mo sọ nípa rẹ̀ jókòó níwájú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń kọ nǹkan díẹ̀díẹ̀. Bàbá Onírùngbọ̀n wá dìde. Ẹ̀rín ọjọ́ Sátidé kò sí lójú rẹ̀. Ó ní lẹ́tà tí Bọ́láńlé fi ṣe òpó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí oníṣòwò kan fi ń ṣàárò ìyá rẹ̀, oníṣòwò náà kọ́ ló kọ ọ́. Akọ̀wé tí wọ́n sanwó fún ló kọ ọ́, bí ó ṣe ń kọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà. Ó ní bí òpó yìí bá wó, kí ló kù?

 Bọ́láńlé wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó sì ń fi ojú wá mi láàrin èrò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ojú tí a máa ń fi bá ọmọ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Má mú ẹran yẹn. Dìde fún wọn. Pa ẹnu rẹ mọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni Bọ́láńlé ti ń ka ojú mi, kò ṣì í kà rí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà, ojú mi kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa lè sọ ọ́. Mo là á dáadáa, mo gbé àgbọ̀n mi sókè díẹ̀: dá a lóhùn.

Ó nà tọ́ọ́. “Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn.”

Ó ní akọ̀wé ló kọ ìyókù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ mìíràn ló kọ ọ́, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀wé kọ dáadáa, lẹ́tà rẹ̀ wọ́, ó sì ń gun orí ara rẹ̀. Ọkùnrin náà gba kálàmù lọ́wọ́ akọ̀wé láti kí ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òpó náà kò wó, ó tún lágbára sí i ni. Bàbá náà kò gbà. Ó kọlù ú láti ibòmíràn. Bọ́láńlé dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n lò; aago ọwọ́ mi ni mo fi wò ó. Níkẹyìn bàbá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sọ fún àwọn àgbà yòókù pé òun kò ní ìbéèrè mọ́, ó sì jókòó bí ẹni tó jẹun yó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń kọ̀wé kíkankíkan.

Lọ́jọ́ kẹta Bọ́láńlé fóònù sílé Sàfúrátù pé wọ́n ti mú òun. Ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà, láti oṣù kẹsàn-án, nínú ìlú Chicago níbẹ̀. Mo ti ro pé apá ọkàn mi tó gbàdúrà yẹn máa dùn mí. Mo wá a kiri nínú ara mi, mi ò rí i. Sàfúrátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift òru dé bẹ̀rẹ̀ sí jó pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ọmọbìnrin òyìnbó òdìkejì ọ̀nà gbọ́ ariwo, ó sáré wọlé pé kí ló dé, Comfort, a sì fà á mọ́ ijó.

Ní ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí n padà, mo pe Bọ́láńlé jókòó. Mo sọ fún un pé ní báyìí tí iṣẹ́ ti dé, kí ó kó wá sí Homewood, sọ́dọ̀ Sàfúrátù, kí n lè mọ̀ pé ó ń jẹun, kí n sì mọ ẹni tí mo máa kọ lẹ́tà sí bí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ó ní, “Rárá, Màmá. Kò ní bọ́ sí i bẹ́ẹ̀.” Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì fún mi ní ìdí mẹ́ta. Ọ̀nà jìn, àtilọ àtibọ̀ á jẹ wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nínú àkókò tó yẹ kó fi kọ̀wé. Yàrá òun kò jìnnà sí ilé ìkàwé, ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ òun wà. Ìkẹta, ẹni tó tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ tó láti dá oúnjẹ ara rẹ̀ sè.

Mo wá ibi tí màá gbé e gbà. Ìdí kìíní dúró. Ìkẹta dúró, bó tilẹ̀ ta mí díẹ̀. Mo sún àga mi mọ́ tábìlì, mo ní kí ó tún ìkejì sọ, nítorí mo rí ibì kan níbẹ̀ tó ń jò.